Ọjọ́ Tí A Gbé Ẹ̀yìn Bọ̀dá Ràímì Lọ sí Ìbàdàn

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni mo ra búrẹ́dì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá láàárọ̀ àná, kò sì tóbi. Ní àkókò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹni tó bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, mọ́tò àlòkù ló ń wá rà. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni búrẹ́dì. Náírà méjì ń gbé èèyàn láti Agége dé Ìbàdàn nínú Píjò, dírẹ́bà á sì tún máa bẹ̀ ọ́ pé kí o wọlé. Epo rọ̀bì ń mówó wọ̀lú nígbà náà. Láti Ìkòtún títí dé Ìpájà, ilé ni gbogbo èèyàn ń kọ́, kò sí bírìkìlà tó mọṣẹ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe. Síbẹ̀, iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Bọ̀dá Ràímì ni àkọ́bí ìyá wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Ìkòtún nígbà tí ibẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oko, owó bírìkìlà wọn ló sì rán mi lọ sí yunifásítì. Àìsàn kan wá dé sí wọn níbàdí. Bí wọ́n bá dìde rìn, kí wọ́n tó rìn jìnnà, ẹsẹ̀ méjèèjì á kú, á máa ta wọ́n bí ẹni pé ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò. Bí wọ́n bá ti lóṣòó tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìrora náà á lọ. Kẹ̀kẹ́ wọn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lórí kẹ̀kẹ́, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ síwájú, kò sí ohun tó ń dùn wọ́n. Ni àwọn èèyàn bá ń bi ara wọn pé, ṣé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ dé Ìpájà ni kò lè rìn dé ìdí àkàbà? Fọ́ọ́mànù wọn ní òpùrọ́ ọ̀lẹ ni, pé bí dókítà kankan ò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àìsàn ni, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò wọn. Iṣẹ́ náà dun Bọ̀dá, ṣùgbọ́n orúkọ òpùrọ́ ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn.

Mo wá gbọ́ ní yunifásítì pé dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀yìn dídùn, pé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú bí wọ́n bá ń rìn ló ń wá, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi jáde nílé, Bọ̀dá, Ìyá Sìdíkà ìyàwó wọn, àti èmi. Bọ̀dá gun kẹ̀kẹ́, àwa méjèèjì ń sáré tẹ̀lé wọn lẹ́sẹ̀ títí dé ibi tí bọ́lẹ́kájà ti ń gbéra. A fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ fọ́kánáísà kan níbẹ̀. Nígbà tí a dé gáréèjì Agége, dírẹ́bà Píjò kan wo Bọ̀dá bí wọ́n ti tẹ̀ bọ̀.

“Bàbá, kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ ń wá nílẹ̀?”

“Ìlera ni,” Ìyá Sìdíkà dá a lóhùn. “Bí o bá rí i lábẹ́ mọ́tò rẹ, bá wa mú un.”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú jàre, ìyá,” ni dírẹ́bà náà wí, ó sì ní kí Bọ̀dá wá jókòó níwájú.

Ọ̀nà Abẹ́òkúta la gbà, nítorí wọn ò tíì ṣí títì ńlá tí gbogbo yín ń sáré lórí rẹ̀ lónìí. Bí a ti kọjá Ọ̀tà àti Ìfọ̀, ọ̀nà náà tóóró, ó ń lọ́ bí ejò, bí lọ́rì onígẹdú bá sì ń bọ̀, ẹsẹ̀ kan mọ́tò wa á bọ́ sínú iyanrìn. Ní Abẹ́òkúta, a jẹ ìrẹsì ọ̀fadà. Lọ́dọ̀ tiwa, abọ́ la fi ń jẹ ìrẹsì. Àwọn Ẹ̀gbá wé tiwọn sínú ewé, òórùn ewé náà sì wọ inú oúnjẹ. Ogún kọ́bọ̀ ni ẹnì kan fi yó. Bọ̀dá jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò balẹ̀.

“Ìdrísù, ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó, kò sì sí ohun tó ń ṣe mí. Bí kò bá wá dùn mí níwájú dókítà ńkọ́?”

“Yóò dùn yín, Bọ̀dá.”

“Àmín,” ni wọ́n wí.

Ìbàdàn ti gbóná nígbà tí a dé. Páànù tó ti dípẹtà ló bo òkè, kò dà bí tiwa ní Alímọ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán. Ohun tó yà mí lẹ́nu ní ilé ìwòsàn náà ni bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n bá pe ẹni tó wà níwájú, gbogbo èèyàn á sún síwájú ní ẹyọ ìjókòó kan. Ní dìsípẹ́ńsárì tiwa, ẹni tó mọ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Dókítà náà jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ohùn Ìjẹ̀bú wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí Bọ̀dá máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú kọ́rídọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀. Kọ́rídọ̀ náà gùn, àwọn àgbàlagbà, nọ́ọ̀sì àti àwọn ọ̀gá dókítà sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. A kì í nàró gan-an-ran kọjá níwájú àgbà. Bọ̀dá tẹ ẹ̀yìn, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń kí tọ̀tún tòsì: “Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́, ara á le o.” Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ, wọ́n tún bọ̀. Ẹsẹ̀ ò kú.

“Bàbá, ẹsẹ̀ yín le ju tèmi lọ,” ni dókítà wí. “Kì í ṣe irú yín là ń wá. Ẹ padà sílé, kí ẹ máa fi róòbù pa á.”

Bọ̀dá ò bá a jiyàn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún tẹ̀ láti dágbére. Ojú wọn wá dà bíi ti ẹni tí wọ́n ká ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Ìyá Sìdíkà ló dìde. “Dókítà, ẹ dákun. Ṣé ẹ rò pé bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn? Ẹ ń wò ó bí ìrìn, wọ́n ń kí yín ni! Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ni wọ́n ti ń kí yín. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má kí ẹnikẹ́ni mọ́.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ọ̀hún dá lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, ẹ nàró bíi ṣọ́jà. Ẹ gbójú sókè, kí ẹ máa rìn.”

“Àwọn àgbà tó jókòó yìí ńkọ́?”

“Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo rán yín.”

Bọ̀dá nàró, ojú sì ń tì wọ́n. Wọn ò tíì dé ìdajì kọ́rídọ̀ tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Wọ́n di ògiri mú, òógùn bo iwájú orí wọn, wọ́n sì lóṣòó sílẹ̀ gbì. Baba arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì sọ pé, “Ha, ó mà ń jìyà o.”

Dókítà fúnra rẹ̀ lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. “Àìsàn ni, bàbá. Mo rí i.”

Bọ̀dá fi ọwọ́ bojú. N kò rí i kí wọ́n sunkún rí kó tó di ọjọ́ náà.

Orúkọ tí dókítà pe àìsàn náà ni sítẹ́nósì. Ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì ni, híhá ló túmọ̀ sí. Ihò kan wà nínú egungun ẹ̀yìn tí iṣan ẹsẹ̀ ń gbà kọjá. Bó bá ti há, ìnàró á tún fún un pọ̀, títẹ̀ síwájú á là á díẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì làwọn ń dán wò: iṣẹ́ abẹ, tàbí eré ìmárale láìsí ọ̀bẹ. Ìbò ni yóò sọ ọ̀nà tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ fẹ́ fi ẹ̀yìn ọkọ mi ta tẹ́tẹ́ ni?” Ìyá Sìdíkà bi í.

“Ìyá, bí a bá fi ọwọ́ ara wa yàn, àwọn tí ara wọn le la máa yàn fún ọ̀bẹ, a ó sì wá máa pariwo pé ọ̀bẹ ló wò wọ́n. A ò tíì mọ èyí tó dára jù.”

“Ẹ̀yin dókítà náà ò mọ̀?” Bọ̀dá rò ó díẹ̀. “Ó dáa. Ẹ gbé ìbò wá.”

Eré ìmárale ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìyá Sìdíkà ní alihamdulilai. Ní ti Bọ̀dá, mo rò pé ọ̀bẹ ni wọ́n ń fẹ́. Dókítà kọ ìwé sí fọ́ọ́mànù, ó sì ní kí wọ́n máa wá lóṣooṣù.

Ojú ọjọ́ ti ń ṣú nígbà tí a padà dé Ìkòtún. Àwọn aládùúgbò ń bi wá lọ́nà pé, “Kí ni wọ́n wí?” Bọ̀dá ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóhùn pé, “Wọ́n ní àìsàn ni,” bí ẹni ń sọ pé ìyàwó òun bímọ.

Iṣẹ́ ò bọ́. Fọ́ọ́mànù fi wọ́n sí ibi rírẹ́ ògiri ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè jókòó. Eré ìmárale náà ràn wọ́n lọ́wọ́, kò wò wọ́n tán. Wọ́n ń rìn dé mọ́sálásí, wọ́n á sinmi lẹ́ẹ̀kan lọ́nà. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé kí n tó pe ẹnì kan ní òpùrọ́, kí n kọ́kọ́ wo bó ṣe dúró níwájú mi.

Fọ́ọ́mànù ti kú. Dókítà ti kú, a kà á nínú ìwé ìròyìn. Dírẹ́bà Píjò, n kò mọ̀. Bọ̀dá Ràímì lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ìyá Sìdíkà wà láàyè ní Ìgàndò, ojú ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì mú. Èmi náà ṣì wà.