Kòtò Méjì Lẹ́bàá Ògiri

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n tó mọ bí a ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú, ògiri kan wà tó pín ìlú wa sí méjì. Ìlú náà kò tóbi, ó wà lójú ọ̀nà tó ti Ìṣẹ́ lọ sí Ẹmùré. Ògiri alámọ̀ ni. Ó ga ju àgbàlagbà lọ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àpáta, ó sì lọ títí kan odò. Àwa ará Òkè wà ní apá kan, àwọn ará Ìsàlẹ̀ wà ní apá kejì. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sì wá kọ́ ilé ìwé sí nígbà tó yá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé alámọ̀, ẹ mọ̀ pé òjò ni ọ̀tá ògiri. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, bàbá mi a kó àwa ọmọ lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ láti fi bo orí ògiri náà. Òun ni olórí iṣẹ́ yìí ní Òkè. Imọ̀ a gé wa lọ́wọ́, èèrà a bọ́ sí wa lọ́rùn. À ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ lódì kejì, tí àwọn náà ń bo apá tiwọn. Wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ahun, ẹ bo ògiri bàbá yín dáadáa." Àwa náà á dá wọn lóhùn pé bàbá tiwọn ló mọ ògiri náà, ojú ló ń tì wọ́n láti jẹ́wọ́. Tí a bá parí, ìyá mi a fún wa ní iṣu sísun àti epo pupa. Mi ò tíì rí iṣu tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó wọ ilé ìwé. Oko ni bàbá mi ń mú mi lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Mo ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì mi lọ, nítorí náà ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí. Bí tíṣà bá ní ká kúnlẹ̀ ká gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ tèmi ló máa ń hàn jù. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn ìwé ju iṣu lọ.

Ní ọdún kẹta mi níbẹ̀, tíṣà wa, tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, béèrè pé ta ló fi amọ̀ mọ ògiri náà. Ìdajì kíláàsì nàka sí ìdajì kejì. Ariwo sọ, tíṣà fi pàṣán lu tábìlì. Ó ní kí èmi láti Òkè àti Ọmọ́wùmí láti Ìsàlẹ̀ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì kà á níwájú gbogbo òbí lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gba ìsinmi. Ọmọ́wùmí mọ ìwé kọ jù mí lọ. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bàbá mi ń pọ́n àdá nígbà tí mo sọ fún un. Kò gbé ojú sókè.

"Àwọn Ìsàlẹ̀ ló mọ ọ́n. Wọ́n ní ewúrẹ́ wa ń jẹ iṣu àwọn. Bí o bá ka ohun mìíràn sétí ìlú, oko ni wàá jí lọ lọ́jọ́ kejì. Ìwé parí nìyẹn."

Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Bàbá àgbà Ọmọ́wùmí sì ti sọ fún òun náà pé àwọn Òkè ló mọ ọ́n, pé ìgbéraga ló ń dà wọ́n láàmú.

A bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kiri. Kò sí àgbà tó dá wa lóhùn láìkọ́kọ́ rán wa níṣẹ́. A pọnmi, a ṣẹ́gi, a lé ewúrẹ́ wọlé. Èsì kan náà ni a ń gbà: àwọn ọ̀hún ni.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ náà pé, ìyá àgbà ní kí n lọ bu amọ̀ wá, òun fẹ́ fi rẹ́ ìdí ààrò òun. Kòtò tí a ti ń bu amọ̀ wà lẹ́bàá ògiri. Ibẹ̀ ni a ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà òjò, wọ́n sì ti nà mí nítorí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo pàdé Ọmọ́wùmí lẹ́nu ọ̀nà ògiri. Ó wo inú igbá mi.

"Irú amọ̀ yìí wà nínú kòtò tiwa náà."

"Kòtò wo?"

"Èyí tó wà lẹ́bàá ògiri."

Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ó mú mi lọ. Kòtò náà jìn, ó sì ń bá ògiri lọ bíi tiwa gẹ́lẹ́. A fi okùn wọ̀n ọ́n, a padà wá wọn ti Òkè. Díẹ̀ ló fi yàtọ̀. Ibi tí ènìyàn bá ti gbẹ́ amọ̀ ilé rẹ̀ ni kòtò ń wà. Ẹni tí kò mọ ilé, tí kò mọ ògiri, kì í ní kòtò.

Mo gbé amọ̀ fún ìyá àgbà. Mo ní, "Ìyá, kòtò Ìsàlẹ̀ gùn bíi tiwa."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí amọ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bí i.

"Ọmọge ni mí nígbà yẹn," ó ní. "Wọ́n jà tán nítorí ewúrẹ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè dá mọ ògiri tó gùn tó yẹn? Ni wọ́n bá bẹ ara wọn lọ́wẹ̀. Òkè gbẹ́ tiwọn, Ìsàlẹ̀ gbẹ́ tiwọn, àwa obìnrin pọnmi. Iyán kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti kọ́kọ́ rí mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹni méjì tó para pọ̀ kọ́ ohun tí yóò yà wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ọmọ?"

A kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà kù sí ọ̀la, mo sọ fún Ọmọ́wùmí pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní, "Fún mi kí n kà á. Èmi ò ní oko tí wọ́n máa lé mi lọ." Mo ní ilé ọkọ ni wọ́n máa lé e lọ. Ó ní ìyẹn sàn ju oko bàbá mi.

Èmi ni mo kà á. Bàbá mi jókòó níwájú, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Mo ka kòtò méjì, mo ka okùn, mo ka ọ̀wẹ̀, mo ka iyán. Bí mo ṣe parí, bàbá mi dìde. Mo rò pé ìwé mi ti parí.

Ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ṣé òótọ́ ni?"

"Èmi kọ́ ni mo gbẹ́ kòtò," ni ìyá àgbà wí. "Iyán ni mo gún."

Bàbá àgbà Ọmọ́wùmí sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. "Ìwọ lo gún un? Kókó ló kún inú rẹ̀."

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó mọ ohun tí òun sọ. Ọmọ́wùmí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ilé ìwé. Bàbá mi jókòó padà.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jẹ́ kó tún un kà. Mi ò gbọ́ ibi iyán yẹn dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, ilé ìwé ni bàbá mi ní kí n lọ, kí n bá wọn to àga padà, kò dárúkọ oko. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e sún mọ́lé, kò pè wá láti gé imọ̀. Àwọn Ìsàlẹ̀ náà kò gé. Ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé ọkọ́ sí i. Òjò ọdún àkọ́kọ́ lá orí ògiri, nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ewúrẹ́ ti ń fò ó. Ìgbà tí Ọmọ́wùmí gba ibẹ̀ kọjá wá sílé mi gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, òkìtì lásán ni. Ó kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ó ní ó yẹ ká ti fi okùn wọn òkìtì náà dáadáa. Ó ti ṣaláìsí báyìí. A gbé pọ̀ dáadáa.

Lóde òní, búlọ́ọ̀kù ni oníkálukú fi ń ṣe ọgbà, wọ́n á to ìgò fífọ́ sórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bẹ aládùúgbò lọ́wẹ̀ láti mọ ọ́n, òjò kò sì lè wó o. Wọ́n ti dí kòtò Òkè, wọ́n kọ́ ilé lé e. Ti Ìsàlẹ̀ ṣì wà. Nígbà òjò, omi máa ń dúró níbẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àgbàlagbà ni mí, ó yẹ kí n lé wọn jáde. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn wọn, ọ̀nà mìíràn ni mo máa ń gbà.