Ọjọ́ Tí Wọ́n Kéde Ológbò Wa ní Mọ́ṣáláṣí

Ògì ni mò ń mu lójúde wa ní Bẹ́yẹrúnká láàárọ̀ ọjọ́ tí ìjà ìgboro yẹn bẹ́. Òkúta àkọ́kọ́ bọ́ sínú ife mi. Mo rò pé alógì ló fi èènì sí i. Kí n tó yọ ọ́, ìgò ti ń fọ́, ìbọn ti ń dún, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò rí i. Ọjọ́ mẹ́ta la fi há mọ́lé. Ariwo náà pọ̀ débi pé páànù òrùlé wa ń wúkọ́. Tajútajú tí àwọn ọlọ́pàá yìn mú adìyẹ sunkún. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà ń sunkún lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, gààrì gbígbẹ nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kẹta, iná dé ilé kẹta sí tiwa. Àwọn ará ilé ń gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sí Mápó. Mo ti gbé ẹrù lérí, àmọ́ Ìyá Rámótù, ìyàwó mi, jókòó, ó fìdí mọ́lẹ̀.

“Dúdúyẹmí dà?”

Ológbò rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo ti lọ ilé ọkọ, òun ló ń sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ariwo ọjọ́ àkọ́kọ́ ló lé e jáde.

“Ìyá Rámótù, iná ń bọ̀!”

“Ẹ máa lọ, Bàbá Rámótù. Tó bá padà wálé, ta ni yóò bá?”

Mo mọ obìnrin yìí. Tó bá ti jókòó báyẹn, àfi kéèyàn gbé ilé náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo bá rákòrò gba ẹ̀yìn ògiri lọ sí mọ́ṣáláṣí. Abẹ́ tábìlì ni mo ti rí Àfáà tó máa ń pe ìrun.

“Àfáà, ẹ bá mi kéde ológbò.”

“Ológbò? Nínú ogun? Ṣé orí yín pé, Bàbá?”

“Tèmi pé. Ìyàwó mi ni kò fẹ́ dìde.”

Ó gbé gbohùngbohùn. Àmọ́ tí kì í bá ti ṣe àsìkò ìrun, òkú nìkan ni wọ́n ń fi í kéde ládùúgbò wa. Ahọ́n Àfáà bá gba ọ̀nà tó mọ̀: “Ìnnà lìláhì wa ìnnà iléhì rájíúnà…”

Títì pa rọ́rọ́. Òkúta dúró lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Mo lè búra pé òmíràn dúró lójú afẹ́fẹ́. Níhà méjèèjì tó ń jà, olúkúlùkù ló ní ìyá nílé. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ìyá ta ni.

“Dúdúyẹmí,” ni Àfáà wí, ó ń làágùn, “ológbò Ìyá Rámótù. Dúdú ni, ẹsẹ̀ iwájú kan funfun, etí òsì ya. Ẹni tó bá rí i, kó má lé e. Kó fún un lómi, kó mú un wá síbí.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn bú Àfáà. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ju àdá sílẹ̀ lódìkejì, ó gbé ológbò sínú fìlà rẹ̀, ó sọdá títì wá bá mi.

“Bàbá, inú táyà tá a fẹ́ dáná sun ló sùn sí. Mo ti fún un lẹ́ja.”

“Ẹja? Níbo lo ti rí ẹja?” Ebi ló béèrè ìyẹn, kì í ṣe èmi.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ bá mi kí Ìyá.” Ó padà sódìkejì.

Ológbò dé ọwọ́ Ìyá Rámótù, ó dìde, àmọ́ a ò tíì dé Mápó tí ìbọn tún fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tá a padà, ilé wa kò lórùlé mọ́. Títì dákẹ́ débi pé à ń gbọ́ bí eérú ṣe ń bọ́. Nírọ̀lẹ́, gbohùngbohùn dún, kì í sì í ṣe àsìkò ìrun. Obìnrin kan ló wá láti òdìkejì. Lọ́tẹ̀ yìí, Àfáà kò gba ọ̀nà òkú. Ó rọra sọ ọ́: obìnrin yìí ń wá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó nírùngbọ̀n, ó dé fìlà. Ẹni tó bá rí i, kó fún un lómi, kó mú un wá síbí.

“Irun ológbò á ṣì wà nínú fìlà yẹn,” ni Ìyá Rámótù wí.

Kò sẹ́ni tó mú un wá.

Dúdúyẹmí ti kú tipẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ wa báyìí. Àwọn èèyàn ní mo máa ń bù mọ́ ìtàn ogun yẹn. Òótọ́ ni, páànù kò wúkọ́. Wọ́n tún rò pé ológbò ló ni omi tí Ìyá Rámótù ń gbé sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Abọ́ ológbò wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ife èèyàn ni tẹnu ọ̀nà, ó sì máa ń fi àwo bò ó.