Ìṣirò Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Òórùn kòkó ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Lẹ́yìn kíláàsì wa ní Ọ̀wọ̀, ẹnìkan máa ń sá kòkó sórí ẹní, bí oòrùn bá sì ti mú, òórùn kíkan tó dà bí ọtí yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, á dàpọ̀ mọ́ eruku ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọ ìgboro máa ń fọwọ́ bo imú. Èmi kì í bo tèmi, nítorí òórùn ilé bàbá mi ní Ifọ́n ni. Wọ́n sì kíyè sí i pé n kì í bò ó.

Ayé òyìnbó ni a ṣì wà nígbà náà, a sì ń múra àtiwọ kíláàsì kẹrin, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Tíṣà ìṣirò wa ló ń bójú tó o. Ó kọ òfin rẹ̀ sójú pátákó: Gẹ̀ẹ́sì di dandan fún gbogbo wa, ẹni tí kò bá fẹ́ ìṣirò gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan dípò rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ìṣirò gíga kò ní lè ṣe ìtàn, torí àkókò kan náà ni wọ́n ń kọ́ méjèèjì. Èmi ti pinnu tèmi tipẹ́. Ìtàn ni ọkàn mi fẹ́. Bí tíṣà ìtàn wa bá ń sọ bí ààfin Ọ̀wọ̀ àti ti Bìní ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn láyé àtijọ́, n kì í gbọ́ aago. Ìṣirò ni mo fẹ́ jù nù. Kí ó yé ọ dáadáa, ọ̀rẹ́ mi: èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ti fẹ́ nawọ́ sókè láti wí bẹ́ẹ̀ nígbà tí tíṣà ìṣirò wá dúró níwájú tábìlì mi.

"Ìwọ ará Ifọ́n," ó ní, "yọ orúkọ ẹ kúrò nínú ìṣirò. Iṣu inú àká bàbá ẹ nìkan lo máa kà láyé ẹ, ìka ọwọ́ ẹ sì tó láti fi kà á."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò tíṣà náà, tó jókòó níwájú, tí gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ sọ di ẹnjiníà, yíjú padà, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí mi. Ìyẹn ló dá ọgbẹ́ sí mi lára. Bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n iṣu yẹn gan-an ló gbé mi dé orí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé.

Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màá ṣe ìṣirò. Màá ṣe gíga pẹ̀lú."

"O ò lè ṣe é. Lọ bá ọ̀gá."

Mo lọ bá ọ̀gá lóòótọ́. Àgbàlagbà onísùúrù ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó ní bí mo bá ti gbà láti fi ìtàn sílẹ̀, òun kò ní dí mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń jáde ni mo pàdé tíṣà ìtàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti gbọ́.

"Ṣé ó wù ọ́ ni, àbí inú ló ń bí ọ?"

"Inú ló ń bí mi, sà."

"Ṣe sùúrù di ọ̀la ná."

N kò ní sùúrù kankan lára. Mo kọ́ ìṣirò bí ẹni ń pọ́n àdá. Èyí tí mo bá rí ojútùú rẹ̀, bí ẹni pé mo fi gbá ọkùnrin yẹn létí ni. Mo máa ń fojú inú wo bí ojú yóò ṣe tì í, ó sì máa ń dùn mọ́ mi bí oyin. Nígbà ìsinmi, nínú abà wa ní Ifọ́n, n kò ní bébà tó tó, nítorí náà èédú ni mo ń fi kọ ọ́ sára ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ti inú oko wọlé, ó fi àdá sílẹ̀, ó wo ògiri títí.

"Kí nìwọ̀nyí?"

"Ìṣirò ni, Bàbá."

"Ta lo ń bá jà?"

N kò sọ fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, nígbà tó jẹ́ òun gan-an ni wọ́n bú? Ó mirí, ó ní kí n wá jẹun.

Nígbà tí èsì ìdánwò àṣejáde dé, kò sí ẹni tó ṣe tó mi nínú ìṣirò gíga. Àbúrò tíṣà fìdí rẹmi nínú rẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ, ìfìdírẹmi rẹ̀ dùn mọ́ mi ju yíyege tèmi lọ. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tuntun, mo forí lé ilé tíṣà náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì yóò ti kún ibẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wọn.

"Ẹ kú ilé o, sà. Ẹ ní iṣu bàbá mi nìkan ni màá kà láyé mi. Èsì mi ni mo wá fi hàn yín."

Ó gba ìwé náà, ó kà á, mo sì ń wá ìtìjú lójú rẹ̀. N kò rí i.

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀? Ó lè jẹ́." Ó fà mí dìde, ó dì mọ́ mi, ó kọjú sí àwọn àlejò. "Ẹ wò ó, ọmọ mi nìyí! Èmi ni mo kọ́ ọ. Kẹ́ṣẹ́ ni mo fi gún un, ẹ ò rí i bó ṣe sáré?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé mínérà fún mi. Àbúrò rẹ̀ wà ní igun yàrá, kò gbójú sókè. Mo mu mínérà náà tán, mo dúpẹ́, mo jáde bí ọdẹ tí ẹlòmíràn gbé ẹran rẹ̀ lọ.

Ìṣirò yẹn ló gbé mi wọ iṣẹ́ ìjọba. Ilẹ̀ ni mo ń wọ̀n títí mo fi fẹ̀yìntì. Bí a bá dé ẹ̀bá iyàrà àtijọ́ kan nínú igbó, kòtò tí wọ́n fi yí ìlú ká nígbà ogun, tí àgbà abúlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn tó gbẹ́ ẹ àti ogun tí wọ́n fi sá fún, ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mi ti na ṣéènì ìwọnlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí.

Àwọn ọmọ mi ní kí n dárí ji ọkùnrin náà, ó ti kú tipẹ́. Mo ti gbìyànjú. Kì í ṣe èébú náà ló ń dùn mí mọ́. Ohun tó ní kí n ṣe, ohun tí ọkàn mi fẹ́ gan-an ni, ó kàn wí i lọ́nà tí n kò fi lè gbà ni. Mo borí rẹ̀, gbogbo ayé sì rí i. Síbẹ̀, òun ló yan iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe.