Méjìlá Lójú, Òdo Nínú Ìgò

Èmi ni mo ṣe é, ẹ má wulẹ̀ bá mi wá ẹlòmíràn tí a ó dá lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi láti Kétu wá sí Libreville nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló rán mi níléèwé títí mo fi di akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù ní pọ́ọ̀tù. Àwọn kan náà ni mo tàn jẹ fún oṣù mẹ́fà gbáko, kọ̀ǹpútà ni mo sì fi tàn wọ́n.

Ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń tún ṣe. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń fa sìgá, pákéètì kan lójúmọ́. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá gun àkàbà dé ìdajì, wọ́n á dúró, wọ́n á di ògiri mú, wọ́n á máa húkọ́. Lọ́jọ́ kan, ní ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò Louis, ikọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú láti òkè. Oníbàárà wọn ló pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, omi ń jáde lójú wọn, wọ́n sì ń wá ìṣáná. Háà! Mo pariwo mọ́ wọn níṣojú àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n tún di ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Bí a ṣe bọ́ sórí vapo nìyẹn, sìgá oníbátìrì tó ń rú èéfín olóòórùn dídùn. Omi tí à ń rọ sínú rẹ̀ wọ́n púpọ̀ nílùú yìí, nítorí náà mo ní n ó máa pò ó nílé: glisẹ́rìn, omi kejì tí à ń dà mọ́ ọn, òórùn mẹ́ńtì, àti ìgò kéékèèké tí nikotíìnì wà nínú wọn. Nikotíìnì yìí gan-an ló ń mú kí ọkàn máa fà sí sìgá, kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń fojú bù lásán, torí ó lè ṣeni ní jàǹbá. Mo bá ṣe tablo kan, àtẹ ìṣírò, sórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí mo fi ń ṣírò ẹrù ní ọ́fíìsì. Ẹ kọ bí ìgò ṣe tóbi tó síbí, ẹ kọ bí nikotíìnì ṣe máa le tó sọ́hùn-ún, tablo á sọ fún yín iye mílílítà tí ẹ máa fi sírínjì fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wá sílé mi ní Awendjé. Wọ́n á fa àga sún mọ́ mi, wọ́n á wọ awò ojú wọn. "Àbúrò, fi méjìlá síbẹ̀." Méjìlá ni agbára nikotíìnì tó bá sìgá wọn mu. Bí mo bá ti tẹ méjìlá, gbogbo nọ́ńbà yòókù á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gbọ́n mi á sì bú sẹ́rìn-ín. "C'est fort, ça! Èyí mà ga o! Ìwọ ọmọ yìí, owó iléèwé rẹ ò ṣòfò." Kò sí ìyìn tí ẹnikẹ́ni yìn mí rí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Oṣù kejì ni ọgbọ́n àgbọ́njù wọ orí mi. Mo fi méjìlá sílẹ̀ níbi tí ojú wọn ti lè rí i. Iye tí tablo fi ń ṣírò lóòótọ́, mo gbé e pamọ́ sí ojú ewé kejì. Mẹ́wàá ni mo kọ síbẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà mẹ́fà, mẹ́rin, méjì. Bí nikotíìnì ṣe ń dín ni mò ń fi mẹ́ńtì kún un, kí ó ṣì máa ta wọ́n lọ́fun, kí wọ́n má fura. Mo lẹ bébà mọ́ ìgò, mo kọ "12" gàdàgbà sí i lára. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi nínú, mò ń wo ara mi bíi dókítà. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá là á mọ́lẹ̀ fún wọn, wọ́n á yarí, torí mo mọ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ mi ò tilẹ̀ bi wọ́n léèrè rí.

Nígbà tó di oṣù keje, òdo ni. Omi olóòórùn lásán ni ẹ̀gbọ́n mi ń fà, wọ́n sì ń gun àkàbà dókè láìdúró. Wọ́n ń sùn dáadáa. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí wọ́n bá lo oṣù kan lórí òdo, n ó jẹ́rìí nínú ìjọ. Ẹ sì mọ ohun tí à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa: ẹ̀rí téèyàn kò bá jẹ́, ọ̀tá lè gbà á padà. Ẹ̀rù yẹn ló gbé mi dìde lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í wá, torí òórùn sìgá ara wọn máa ń tì wọ́n lójú láàárín èèyàn. Ẹnu mi sì yá jù, bí ìyá mi ṣe bí mi nìyẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti tablo, mo sọ ti ojú ewé kejì. Mo tún wá ń sín wọn jẹ: bí wọ́n ṣe ń fa vapo, tí wọ́n ń dijú, tí wọ́n ń sọ pé, "Háà, àbúrò, èyí le o!" Mo ní, "Ẹ̀yin ará, mẹ́ńtì lásán ni o!" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ké halelúyà.

Ìgbà tí mo fẹ́ padà sáyè mi ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ funfun tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa. Òórùn sìgá ti kúrò lára wọn, ìdí tí wọ́n fi wá nìyẹn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ ẹ̀rín náà. Ẹ gbà mí o!

Mo sá bá wọn níta, mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

"Oṣù mélòó?"

Mo ní mẹ́fà.

"Mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o sì jókòó o ń gbà á." Wọ́n yọ vapo nínú àpò wọn. "Ká ní o sọ fún mi ni, èmi àti ìwọ ì bá jọ dín in kù."

Wọ́n fi vapo lé mi lọ́wọ́. Wọ́n sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ra sìgá, wọ́n sì ṣáná sí i níbẹ̀.

Mo rán pásítọ̀ sí wọn, mo rán àwọn àgbà Kétu tó wà nílùú yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ti dárí jì mí. Òótọ́ sì ni, wọ́n ń gbé fóònù mi, wọ́n ń béèrè àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ mi wá, wọn kì í fi kan ẹnu. Bí mo bá gbé ìrẹsì síwájú wọn, wọ́n á ní àwọn ti jẹun. Lákọ̀ọ́kọ́ inú bí mi. Kí ni mo ṣe gan-an? Ṣé mo pa èèyàn ni? Èmi tí mo fẹ́ gba ẹ̀mí là! Mò ń dá sọ̀rọ̀ nílé ìdáná bíi wèrè. Nígbà tí ìbínú tán, ẹkún ló kù, mo sì sun ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, amúlétutù mi bàjẹ́, wọ́n wá tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti bo gbogbo ara wọn, ikọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mo sáré bu omi tútù wá. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n sì fa ike omi tí wọ́n rà wá yọ nínú àpò iṣẹ́ wọn. Mo gbé ife náà, mo mu ún dé ìdajì níwájú wọn, bí a ṣe ń tọ́ nǹkan wò fún àlejò, mo sì na ìyókù sí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan burúkú nínú ẹ̀, àbúrò. Nígbà yẹn náà, kò sí nǹkan burúkú nínú ẹ̀."

Wọ́n ṣí ike tiwọn, wọ́n mu ún.