Méjìlá Amẹ́ríkà

Lẹ́tà tó pè mí sí Ìkàrẹ́ kò gùn. Ó ní kí n kó ìwé-ẹ̀rí mi wá sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Bí mi ò bá dé, wọn yóò fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tèmi ní iṣẹ́ tíṣà náà.

Ọdún méjì ti kọjá tí mo ti bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀. Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, àwọn tó ń du iṣẹ́ tíṣà sì pọ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń ka èyí pé kì í ṣe ojúkòkòrò ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀rù ni. Yàrá tí mo sùn sí nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ni mo ṣì ń sùn sí. Màmá mi ṣì ń bu oúnjẹ fún mi. Ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń gbà lọ pọn omi, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti pè ọ́?" Bí ẹ̀rù bá pẹ́ lára mi, ó máa ń di ìbínú, mi ò sì kì í mọ ìgbà tó yí padà.

Takisí pọ̀ láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá jáde laago mẹ́jọ, kí mẹ́sàn-án tó lù, ó ti débẹ̀. Ohun tí mo ṣètò nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo fi lẹ́tà náà han bàbá mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní:

"Kò sí ọmọ mi tí yóò wọ takisí lọ gba iṣẹ́. Èmi ni n ó gbé ọ lọ."

"Ẹ má ṣe ìyọnu, sà."

"Kò sí ìyọnu níbẹ̀. Ọkọ̀ wà."

Ọkọ̀ wà lóòótọ́. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, ó sì gùn débi pé bí imú rẹ̀ bá ti wọ àgbàlá wa, ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú títì. Bàbá mi, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó ń dán, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí pé ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kì í ṣe tiwọn.

Kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ náà rí tí bàbá mi kò sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ yẹn fún. "Ọmọ àgbẹ̀ ni ẹni tó dá a sílẹ̀," á wí, á fi ọwọ́ kan lu ìtọ́kọ̀. "Oko sú u. Àtíbàbà ẹ̀yìn ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa rìn káàkiri mọ́. Wọ́n dúró sójú kan, ọkọ̀ ló ń rìn tọ̀ wọ́n wá. Ẹni tó ń de nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì nìkan ló ń dè láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe di ohun tí lébìrà lè rà nìyẹn."

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbìyànjú láti fi apá kejì kún un: pé iṣẹ́ ojú kan yẹn sú àwọn tó ń ṣe é, pé wọ́n jìyà kí wọ́n tó lè dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, pé nígbà tí epo wọ́n, àwọn ará Japan gbé ọkọ̀ kékeré tí kì í mu epo dé, ọjà sì yí mọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Bàbá mi tẹ́tí gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ́ yín nìyẹn?" Ó ṣáná sí ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kò dáhùn.

Lójú rẹ̀, ohun tí Amẹ́ríkà bá ṣe kì í bàjẹ́. Ó máa ń sinmi ni.

Aago mẹ́jọ la gbéra lọ́jọ́ Ẹtì náà. Mo wọ bùláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú, mo gbé fáìlì mi lé itan. A kò tíì kúrò ní àdúgbò wa tí ìyá kan tó ń ta iṣu fi na ọwọ́ sí wa. Bàbá mi dúró. Ọkọ̀ tó bá tóbi tó báyẹn ní Ọ̀kà kì í ṣe ti ẹni tó ni ín nìkan.

"Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o. Ọjà Ìkàrẹ́ ni mò ń lọ. Iṣu mélòó kan péré ni."

Péré yẹn kún búùtù, ó kún ilẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì dé abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bàbá mi tún dúró kí àwọn àgbà mẹ́ta lójú ọ̀nà, ó sì bèèrè ìlera ara ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ń wo aago ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé ìwà tó dára ni ìkíni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ta kò ó. Mo kàn fẹ́ kí àwọn ará ilé wọn yá lẹ́yìn aago méjìlá.

Nígbà tí a sún mọ́ Ugbe, tí Ìkàrẹ́ kò jìnnà mọ́, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú ọkọ̀. Bàbá mi rọra yà á sábẹ́ igi kan tí mẹkáníìkì kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ náà mọ ibẹ̀ dáadáa. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mẹkáníìkì náà, ọmọ-ìwé bàbá mi sì ni nígbà kan. Ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Tíṣà àgbà, ẹ káàbọ̀, sà. Ó tún ti ń sinmi?"

"Ó gbóná díẹ̀ ni."

Mẹkáníìkì ṣí iwájú ọkọ̀. "Fáàn-bẹ́ẹ́tì ló dẹ̀. Alihamudulilahi, kì í ṣe nǹkan ńlá. Kí n tú nọ́ọ̀tì kan, kí n fà á le, ó parí."

Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Ọkàn mi rọlẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí. Ínṣì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi wọn nọ́ọ̀tì ọkọ̀ náà. Sípánà tó kún ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa, ti ọkọ̀ Japan ni, mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ní àpótí sípánà tirẹ̀, èyí tó bá ọkọ̀ náà wá. Mo fa àpótí yẹn jáde láàárín iṣu, mo gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò mẹkáníìkì.

"Gírájúéètì," ó wí, ó ti ki orí bọ inú ọkọ̀, "bá mi mú méjìlá."

Mo mú èyí tí wọ́n kọ 12 sí lára nínú àpò rẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ wò. Kò wọlé.

"Kì í ṣe eléyìí. Méjìlá Amẹ́ríkà ni. Ó wà nínú àpótí Tíṣà."

Mo wá inú àpótí náà. "Kò sí méjìlá níbẹ̀, bọ̀ọ́dà."

"Ó wà ńbẹ̀. Oókan àti eéjì, wọ́n fa igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn."

Ó wá yé mi. 1/2 ló ń pè ní méjìlá. Ó yẹ kí n mú un, kí n fún un, kí n pa ẹnu mọ́. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún méjì rèé tí ẹnikẹ́ni kò ti bi mí ní ohun tí mo mọ̀.

"Kì í ṣe méjìlá nìyẹn," mo ní. "Ìdajì ínṣì ni. Oókan orí eéjì."

Bàbá mi sọ̀rọ̀ láti ibi tó dúró sí. "Mo kọ́ ọ ní ìdá ní kíláàsì kẹta. Mo kọ́ ọ."

"Ẹ kọ́ mi, sà. Ẹ tún nà mí lórí ẹ̀." Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ méjìlá ni. Méjìlá Amẹ́ríkà tóbi ju méjìlá Japan lọ ni. Ìgbà wo ni Amẹ́ríkà ṣe nǹkan kékeré rí?"

"Kì í ṣe títóbi ni, bọ̀ọ́dà," mo wí. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ohùn ẹni tó wà níwájú pátákó. "Bí ẹ bá sọ ìdajì ínṣì di mìlímítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́tàlá. Mẹ́tàlá yín á wọ̀ ọ́. Ẹ gbà, ẹ wò ó."

Mo na mẹ́tàlá tó wà nínú àpò rẹ̀ sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ó wo bàbá mi.

"Èmi ò kì í fi mẹ́tàlá ṣe ọkọ̀ yìí."

"Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà," ni bàbá mi wí.

"Bisimilahi," ni mẹkáníìkì wí, ó fi mẹ́tàlá sí nọ́ọ̀tì náà. Ó wọlé. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, inú mi dùn gan-an. Ó wá fi agbára fà á. Sípánà náà ti gbó lẹ́nu. Ó yọ̀, ó sì bó gbogbo etí nọ́ọ̀tì náà dànù. Mẹkáníìkì na ọwọ́ sínú àpótí, ó mú 1/2, ó gbé e sókè fún mi láti rí. "Méjìlá nìyí." Ó fi sí nọ́ọ̀tì náà. Kò rí ohun tó máa dì mú mọ́. Ńṣe ló ń yí bí ìka tó wọ òrùka bàbá rẹ̀.

Kò sí ẹni tó bá mi wí. Ìyẹn ló burú jù. Bí wọ́n bá bá mi wí, n bá rí ẹni bínú sí. Báyìí, ìbínú mi kò ríbi lọ: ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì padà wá bá mi.

Mẹkáníìkì lọ wá ṣísù àti hámà. Aago mọ́kànlá kọjá. Gbogbo takisí tó ń bọ̀ láti Ọ̀kà ló ti kún. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méjìlá lù nígbà tí takisí kan yọ, tó ń lọ sí Ìkàrẹ́, tí ààyè ẹnì kan sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi lẹ́bàá títì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n wọ èyí."

Ó ń wo nọ́ọ̀tì. Mo mọ ohun tí mò ń bèèrè: pé kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, lójú ọmọ-ìwé rẹ̀, lójú ẹni tó fi ọkọ̀ gbé. Takisí ti ń fọn fèrè.

Ìyá oníṣu ló sọ̀rọ̀, láti orí àpò iṣu tó jókòó lé. "Ọmọ mi, máa lọ. Bó o bá ń dúró ti ọkọ̀ báyìí, ìgbà wo lo máa rí ọkọ?"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rín, ṣùgbọ́n ó yí ojú sápá kejì, mo sì gbà pé ìyọ̀ǹda nìyẹn. Mo sáré.

Akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì náà ti ń pa fáìlì dé. Ó wo aago ara ògiri, ó wo ẹrẹ̀ tó wà lórúnkún mi. Ó gba ìwé mi, ó kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó fi òǹtẹ̀ lu lẹ́tà kan. Ilé-ìwé kan ní Ifira ni wọ́n gbé mi lọ, kí n máa kọ́ wọn ní ìtàn. Ọjọ́ Ajé ni kí n bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé inú mi yóò dùn. Ó rẹ̀ mí ni, ojú sì ń tì mí, bí ẹni tó jí ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Mo ń dúró lẹ́nu géètì, mi ò mọ̀ bóyá kí n padà sí Ugbe tàbí kí n lọ sílé, nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀ náà. Ó ti kọjá aago kan. Bàbá mi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, mo sì rí i pé ọ́ìlì ti ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ jẹ́ títí dé ìgbúnwọ́, ìka rẹ̀ kan sì bó. Òun náà ti bá wọn lu nọ́ọ̀tì yẹn.

"Ọmọ mi ni mo gbé wá gba iṣẹ́," ó wí fún mégààdì kí ó tó wò mí.

Mégààdì na ìka sí mi. "Èyí tó sáré bọ́ sílẹ̀ nínú takisí lẹ́ẹ̀kan yẹn, Bàbá?"

Àwọn méjèèjì wò mí. "Ọkọ̀ bàbá mi ló gbé mi láti Ọ̀kà," mo ní. Irọ́ kọ́. Kò kàn pé ni.

Bàbá mi nu ọwọ́ sí àkísà. "Wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí, sà. Ifira."

"Ifira." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ohun tí kò ṣe fún mi rí. "Ó dáa. Ọkọ̀ á gbé ọ débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé. Títí tí a fi dé Ọ̀kà, ó ń sọ ọ̀nà tí a ó gbà dé Ifira fún mi, èmi sì ń ronú bí n ó ṣe jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ó tó jí.