Lẹ́tà tí Mo Kọ Nípa Ilé Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Ní nǹkan bí ọdún 2004, nígbà tí mo wà ní kíláàsì première, ìyẹn kíláàsì tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, ní lycée (ilé ìwé girama) kan ní Cocody, ní Abidjan, mo gbà pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Nílé wa, kò sí ẹni tó lè já mi ní koro. Ọmọ Ìgbòho ni bàbá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà Adjamé. Wọ́n ń ka Lárúbáwá, wọ́n ń fi Dyula, èdè ọjà níbẹ̀, nájà, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n pè mí sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, fẹ́ ṣe ìwé ilé kan ní Ìgbòho. Bàbá Kékeré, àbúrò àwọn méjèèjì, ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú Bàbá Àgbà. Lọ́yà ní kí bàbá mi fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà, kí wọ́n sọ ẹni tó ni ilé.

“Kọ ọ́ báyìí,” ni bàbá mi wí. “Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé wọn ni.”

N kò béèrè nǹkan kan. Mo mọ̀ pé a máa ń pe àgbà ní “wọ́n”. Ojoojúmọ́ ni mo ń pe bàbá mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí bàbá mi fúnra wọn pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí, torí pé ní Abidjan, àwọn ni àgbà ilé wa. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo rò pé “àwọn” àti “wọn” tí wọ́n sọ yẹn ń tọ́ka sí. Mo kọ “my brothers' house”, mo fi àmì kékeré tó ń fi ẹni tó ni nǹkan hàn sẹ́yìn “s”, mo sì kọ “their house” tẹ̀lé e. Bàbá mi gbàdúrà fún mi, wọ́n fi lẹ́tà náà rán oníṣòwò kan tó ń lọ sílé.

Lẹ́yìn oṣù kan, bàbá mi ti ilé tẹlifóònù dé, ojú wọn le.

“Kí lo kọ síbẹ̀? Wọ́n ní mo jẹ́rìí pé gbogbo àwa ọmọ ìyá la jọ ni ilé. Bàbá rẹ kékeré ti ra sìmẹ́ńtì, ó ti ń tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Ilé tí ẹ̀gbọ́n mi dá kọ́!”

 Lọ́jọ́ kejì, mo mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa, obìnrin tí kì í pariwo. Ó fi Faransé bi mí léèrè:

“Èèyàn mélòó ló ni ilé?”

“Ẹnì kan.”

“Àmì yẹn ní láti ṣáájú ‘s’. Ọkùnrin ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“‘His’ nìyẹn, má sì fi àmì kankan sí i. Ní Faransé, bóyá akọ ni ohun tí a ní tàbí abo là ń wò ká tó mọ̀ bóyá ‘son’ ni tàbí ‘sa’. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ni ín là ń wò.”

Mo tún lẹ́tà kọ: “my brother's house. It is his.” Bàbá mi mú mi lọ síbi tẹlifóònù kí n bẹ Bàbá Àgbà. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

“Ọ̀wọ̀ tí bàbá rẹ bù fún mi ló fẹ́ẹ̀ gba ilé lọ́wọ́ mi!”

Bàbá Kékeré ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Bàbá Àgbà fi yàrá tí wọ́n tún ṣe sílẹ̀ fún wọn, síbẹ̀ odindi ọdún kan ni Bàbá Kékeré ò fi bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo lọ sí Ìgbòho lákòókò ìsinmi, ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ni mo ti bá Bàbá Kékeré. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ṣì í kọ, kì í ṣe bàbá mi.”



“Mo ti kọ́kọ́ yọ̀ pé èmi náà ní ìpín nínú ilé,” ni wọ́n wí. “Ìyẹn ló dùn mí.”

Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n bu omi tútù fún mi, wọ́n sì sún bẹ́ǹṣì sí mi kí n jókòó.