Ọdún Tó Ń Bọ̀ ní Basẹlónà

Ojú ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní bí ẹni tó ń yọjú wo ayé láti inú páìpù omi ló ṣe ń rí lára òun. Dókítà olójú ti sọ fún un pé kí ọdún yìí tó parí, bóyá ni yóò fi máa dá nǹkan mìíràn mọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Èmi nìkan ló mọ̀, nítorí èmi ni mo dì í lápá mú lọ sọ́dọ̀ dókítà náà. Ó ní bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun yóò fi ọ̀pá òun fọ́ mi lẹ́nu. Ìjẹ̀bú ni òun, Èkìtì ni èmi. Látìgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí ni a ti ń bú ara wa, kò sì tíì sú wa.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ rí kí ojú náà tó kú tán: ọmọ ọmọ ẹ̀. Ọmọbìnrin ẹ̀, tí wọ́n bí sí Goresbrook níbí, ló lọ kàwé ní Basẹlónà tó sì fẹ́ ọkùnrin ibẹ̀. Bàbá ẹ̀, àgbà ìjọ Aládùúrà, ní òun ò ní tẹsẹ̀ bọ ibi ìgbéyàwó tí wọn ò ti gbàdúrà. Kò sì lọ. Ọmọ náà bí obìnrin. Ọmọ yẹn ti ń sáré kiri báyìí, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ò tíì fojú kàn án rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Heathway. Onígbàjámọ̀ náà ti fá ìdajì orí ọ̀rẹ́ mi nígbà tí fóònù ẹ̀ dún. Ọmọbìnrin ẹ̀ ni. Bàbá ẹ̀ kì í gbé fóònù sétí; ṣe ló máa ń ṣí i sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́.

"Mo fẹ́ wá rí ọmọ," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Mo fẹ́ wá kí yín."

Ọmọbìnrin náà dá a lóhùn. Yorùbá ẹ̀ ti ń já bí okùn tó ti gbó. "Dádì, ẹ wá… ẹ wá ní ọdún tó ń bọ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Ọdún tó ń bọ̀." Ó pa fóònù.

Ọ̀rẹ́ mi dìde tòun ti ìdajì irun. "Ẹ gbọ́! Ó ní kí n wá lọ́dún tó ń bọ̀! Ọdún wo ló ń bọ̀ níbẹ̀?"

"Jókòó, ìwọ Ìjẹ̀bú yìí," ni mo wí. "Kì í ṣe ọdún ijó àti ìlù ló ń wí. Ọdún orí kàlẹ́ńdà ló ń wí. Ó ń lé ẹ ni. Bí wọ́n bá ní kí alágbe padà wá lọ́la, o rò pé oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ lọ sè dè é?"

"Ìlara ló ń pa ẹ́. Àwọn ọmọ tìẹ tó wà ní Barking níbí, èwo nínú wọn ló pè ẹ́ wá jẹun rí?"

Kò sí ìkankan. Onígbàjámọ̀ náà gbè é lẹ́yìn. "Bàbá Ìjọ, èmi náà gbọ́ ọ. Ọdún ló pè. Àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn ọdún ju oúnjẹ lọ, mo ti rí i lórí fóònù."

Bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi, torí gbogbo Heathway ló mọ̀ pé mo ti gbé Basẹlónà rí. Mo ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà náà. Ẹja kan ló jẹ ẹ́ńjìnnì wa tá a fi há síbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Púráímárì kẹrin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹja.

Mo sọ fún wọn pé àwọn èèyàn yẹn máa ń gun èjìká ara wọn láàárín ìgboro, àwọn abara-líle nísàlẹ̀, àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè, tí ọmọdé kan yóò sì gun ṣóńṣó orí gbogbo wọn. Mo ní èyí tí mo fojú mi rí, nígbà tí ọmọ náà fi máa sọ̀kalẹ̀, ẹyẹ ti yé ẹyin sí i lórí. Wọ́n gbà mí gbọ́ tẹyin-tẹyin. Onígbàjámọ̀ wá a lórí fóònù, ó sì rí i lóòótọ́: èèyàn lórí èèyàn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi gbé fóònù sún mọ́ ojú títí imú ẹ̀ fi kan gíláàsì.

"Ṣòkòtò funfun!" ló ké. "Wọn ò sì wọ bàtà! Aláṣọ funfun ni wọ́n! Ìjọ wa ti débẹ̀!"

"Ìjọ wa wo?" ni mo wí. "Ìwọ tí o kì í gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì láìpe Ọlọ́run, èjìká ta lo fẹ́ gùn?"

Mo wá sọ òótọ́ kan fún wọn. Mo ní tó bá di Kérésì, wọ́n á fi aṣọ bo ìtì igi, àwọn ọmọdé á máa nà án lọ́pàá títí igi náà á fi su súìtì. Mo ní lẹ́yìn ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ ọmọ Jésù sí, wọ́n máa ń fi ère ọkùnrin kékeré kan síbẹ̀ tó lóṣòó, tó ń yàgbẹ́. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ pòṣé, ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n jáde kí àrá tó sán pa àwọn tó jókòó tì mí.

Nígbà tó yá, onígbàjámọ̀ rí ọdún kan nínú oṣù kẹfà, ọdún Jòhánù Mímọ́, tí wọ́n máa ń dáná létí òkun. Inú ọ̀rẹ́ mi dùn kọjá ààlà. "Jòhánù Onítẹ̀bọmi! Létí òkun! Bí àwa gan-an ṣe ń ṣe é!"

"Wáìnì ni wọ́n ń mu níbẹ̀," ni mo wí. "Wọ́n á sì máa fò kọjá lórí iná."

"Irọ́ ẹ tún ti dé."

Ó lọ dá aṣọ àdúrà funfun tuntun tó fẹ́ wọ̀ rìn létí òkun yẹn. Ó ku kó sọ fún ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló ti pè é.

"Oṣù kẹfà kẹ̀?" ni ọmọ náà wí. "Rárá o. Mo ní ọdún tó ń bọ̀. Next year, Daddy. Next year!"

Kílípà onígbàjámọ̀ nìkan ló ń kùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín gbé mi, mi ò lè gbé e mì. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di apá àga mú.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn?"

"Òpùrọ́ tó o mọ̀ náà ni," ni bàbá ẹ̀ wí. Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Mo pariwo sí fóònù: "Ọmọ, gbọ́! Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, bàbá ẹ ò ní ríran mọ́. Dókítà ló sọ ọ́, èmi ni mo mú un lọ!"

Ọ̀pá ẹ̀ bà mí lórúnkún. "Má dá a lóhùn! Ojú mi dá ṣáká! Irọ́ ló ń pa!"

Ọmọ náà bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ́ńkù, ẹ ò lè yí padà láé. Ẹja tí ẹ ní ó jẹ ẹ́ńjìnnì yín, mo lọ sọ ọ́ ní kíláàsì nígbà yẹn. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá ẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ kí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín látìgbà ìgbéyàwó yẹn. Nítorí ẹ̀rín yẹn, ì bá tà mí lọ́jà. Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ dúró, ẹ wo ọmọ, ó ti múra ọdún àdúgbò wa." Ó sì gbé ọmọ sí ojú fóònù.

Ọ̀rẹ́ mi tún fi imú kan gíláàsì. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Kí ló wà lórí ẹ̀ yẹn?"

"Ìwo ni," ni mo wí. "Ìwo méjì. Wọ́n ti kun ojú ẹ̀ ní pupa àti dúdú, kò sẹ́ni tó lè mọ bó ṣe rí. Sàtánì kékeré ni wọ́n fi ọmọ ẹ ṣe."

Onígbàjámọ̀ wò mí bí ẹni pé kó fi kílípà náà fá ahọ́n mi. "Adé ni, Bàbá Ìjọ," ló wí. "Adé pupa. Ọmọ yín rẹwà."

"Ṣé ó jọ mí?"

"Ẹ̀yin gan-an ni."

Ọmọ kékeré náà sọ nǹkan kan ní èdè tibẹ̀. Bàbá àgbà ẹ̀ ní, "Àmín."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ funfun tuntun náà wá sí ìjọ, ó sì jáde lọ jẹ́rìí. Ó ní Olúwa ti jẹ́ kí ojú òun rí ọmọ ọmọ òun, òun sì rí adé lórí ẹ̀. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, ọ̀rẹ́ òun wà níbẹ̀, kí wọ́n bi í. Gbogbo ìjọ yíjú sí mi, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi! Ẹlẹ́rìí! Ó na ọwọ́ sí ibi tó rò pé mo jókòó sí, ó ní kí n dìde. Àga òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ń nawọ́ sí. Ẹ̀rín tún sọ. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń bá òun yọ̀ ni, ó sì ń pe àga náà pé kó má tijú, kó dìde.

Mi ò dìde.